Omi Kọ́ Ló Ń Pa Wá, Ẹrù Wa Ni

  

Ìwé tèmi lóṣù yìí ò ní í dùn-ún kà fún àwọn kan. Mo mọ̀. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá bú mi.

Ní ìpàdé tó kọjá, mo dìde, mo ní kí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta lórí àwa tí à ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà. Mo ní ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mo ní ẹrù àti èèyàn kò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ kan náà, kí ẹrù ní ọkọ̀ tiẹ̀. Mo sì ní kí á máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ sílẹ̀ ní èbúté, kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn kí ọkọ̀ tó ṣí. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Hùn! Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan ní, "Akọ̀wé, ìgbà wo lo di ọlọ́pàá orí omi?" Ẹlòmíì ní owó ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ kí wọ́n máa san, pé bóyá ọmọ mi ló ra ọkọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn, wọ́n ní ká lọ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́.

Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà. Èsì mi rèé.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí ahọ́n mi. Nígbà òjò tó kọjá, àwọn ará wa kan lọ ra ẹja yíyan àti edé lódìkejì ọ̀sà. Gbogbo wọn kó sínú ọkọ̀ kan. Apẹ̀rẹ̀ ẹja wà nísàlẹ̀, àpò edé wà lórí apẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá oníyàá wá jókòó lórí àpò. Bí wọ́n ṣe dé àárín, atẹ́gùn gbé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó ń wa ọkọ̀ ní kí wọ́n ju ẹrù sómi. Ẹ gbọ́ o, àwọn kan kọ̀! Ìyá kan fi apá méjèèjì gbá àpò edé rẹ̀ mọ́ra, ó ní owó alájẹṣẹ́kù ló wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n ju òun náà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó kù ló já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ju ẹrù tó tó ìlàjì, ọkọ̀ náà gbé orí sókè, Ọlọ́run bá wa ṣe é, gbogbo wọn gúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ẹgbẹ́. Ta ni yóò san owó ẹja tí wọ́n jù sómi? Ṣé ẹni tó ni ín ni, àbí ẹni tí ẹrù tirẹ̀ kò kan omi, àbí ọlọ́kọ̀? Wákàtí méjì gbáko la fi sọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, mo sì tún un kà láàárọ̀ òní. Iye apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn olówó ẹja wà níbẹ̀. Ẹni tó dá a lábàá pé kí wọ́n pín gbèsè sí mẹ́ta wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀. Títí di òní a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní ogún, àwọn kan ní ó tó ọgbọ̀n. Bí ọkọ̀ yẹn bá dojú dé, mélòó la ò bá sọ fún àwọn òmùwẹ̀ pé kí wọ́n wá? Ìgbà wo là bá sọ fún wọn pé ó ti tó, kí wọ́n má wá mọ́?

Ohun tí mo máa ń gbọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ni pé omi ló gbé wọn lọ. Pé omi ń bínú. Pé lọ́dún yìí omi fẹ́ gba nǹkan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń sìn. Ẹni tó fẹ́ bọ omi kó bọ ọ́, ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ kó gbà á, èmi náà ń gbàdúrà kí n tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo àwọn omi ńláńlá tó ti pa àwọn oníṣòwò bíi tiwa níbòmíì, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá omi ni.

Adágún Kainji wà lókè lọ́hùn-ún, ní apá ìpínlẹ̀ Niger àti Kebbi. Odò Ọya ni ìjọba sé níbẹ̀ láàárín ọdún 1964 sí 1968 láti fi ṣe iná mànàmáná, omi sì bo ìlú Bussa àtijọ́ àti igbó tó wà yí i ká. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ onípákó kan gbéra láti apá Niger, ó ń lọ sí Warra ní Kebbi. Àwọn aláṣẹ omi sọ lẹ́yìn náà pé èèyàn 80 ló yẹ kí ọkọ̀ náà gbé. Ó gbé ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì, wọ́n sì tún kó ẹrù, alùpùpù, àti àpò yẹ̀pẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà sí i. Ọkọ̀ náà fọ́ sí méjì. Òkú tí wọ́n gbé jáde lé ní 90. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, lórí omi yẹn kan náà, àwọn ọkọ̀ mìíràn gbéra, wọ́n sì gúnlẹ̀. Ṣé omi mú àwọn kan ní ọ̀tá, ó mú àwọn kan ní ọ̀rẹ́ ni?

Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tún kó èèyàn láti ìpínlẹ̀ Kogi, wọ́n ń lọ ná ọjà ọ̀sẹ̀ ní Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger. Orí Odò Ọya náà ni. Obìnrin oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó lé ní 50 tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: wọ́n ń lọ ná ọjà.

Ẹ má ṣe sọ pé Nàìjíríà nìkan ni. Adágún kan wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Victoria. Tanzania, Uganda àti Kenya ló jọ pín in. Ó tóbi débi pé bí o bá dúró létí rẹ̀, ojú rẹ ò ní í tó òdìkejì, bí òkun ló rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ MV Nyerere ń lọ láti Bugolora sí erékùṣù Ukara ní Tanzania. Ọjọ́ ọjà ni ní Bugolora, àwọn tó ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn ló kún inú rẹ̀. Èèyàn 101 ni ìwé gbà á láyè láti gbé. Àwọn tó kú nìkan ju 220 lọ! Ìyẹn ni pé òkú inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì iye alààyè tó yẹ kó wọ̀ ọ́. Ìjì kọ́ o. Ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn tó wà ní èbúté ń wò wọ́n lójú kòrókòró. Wọ́n ní àwọn èrò ló sún sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì yí dà.

Lórí adágún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1996, ọkọ̀ ńlá tó ń jẹ́ MV Bukoba rì nígbà tó sún mọ́ ìlú Mwanza. Ó lé ní 800 èèyàn tó bá a lọ. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Bukoba tí mi ò lè gbàgbé láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tó sanwó ńlá, tí wọ́n wà ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, orúkọ wọn wà nínú ìwé. Àwọn mẹ̀kúnnù tó wà ní kíláàsì kẹta, àwọn bíi tèmi àti tìrẹ, kò sí ìwé orúkọ kankan fún wọn. Nígbà tí omi dé, olówó ní ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú. Tálákà, ó di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá retí rẹ̀ tì nílé. Ẹ wá ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ní kí á máa kọ orúkọ.

Nínú gbogbo èyí tí mo kà, ẹ wá ibi tí omi ti ṣẹ̀ fún mi. Èèyàn pọ̀ jù, ẹrù pọ̀ jù, ọjọ́ ọjà ni, kánjúkánjú la sì ń ṣe. Ohun tó ń pa wá nìyẹn.

Àwọn kan á ní akọ̀wé ò mọ nǹkan nípa ọkọ̀, ìwé mẹ́fà péré ló kà. Òótọ́ ni, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo ti kiri ọjà rí, ẹ̀yin náà ti kiri. Bí o bá to ọsàn sínú àtẹ pẹrẹsẹ, o lè máa rìn, o lè máa juwọ́, kò sóhun tó máa ṣe é. Bí o bá to ó ga bí òkè, ẹnìkan fara kàn ọ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó wúwo nìkan, gíga rẹ̀ ló ń fà á ṣubú. Ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí àtẹ orí. Àpò tí a to lé apẹ̀rẹ̀, èèyàn tó wá jókòó lórí àpò, ìyẹn ló ń mú kí ọkọ̀ máa mì lọ́tùn-ún lósì. Tí ìgbì kékeré kan bá wá gbá a, gbogbo wa á kígbe, a ó sá sí apá kan, ó parí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gbé abọ́ sínú bàfù omi lálẹ́ òní, kó máa bu gaàrí sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abọ́ náà á máa léfòó, á máa léfòó, o ó rò pé ó ṣì lè gbà sí i. Kóńgò kan péré tó kẹ́yìn ló máa rì í. Kóńgò yẹn ni à ń pè ní "ó ku ẹnìkan, ẹ wọlé, ẹ sún díẹ̀."

Àwọn àgbà wa kan sì sọ fún mi lójú ara mi pé odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ni wá. Ẹja kì í ró ìró méjì. Ẹja kì í pọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gun ọ̀sà láti ogún ọdún, bí omi bá mu wọ́n dé orúnkún, wọ́n á pariwo Jésù, wọ́n á pe Ànábì. Ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé orí omi ní Mákòkó àti Bàrígà lè máa pa òwe ẹja. Èmi tí mo ń gbé Gbàgádà ò gbọdọ̀ pa á.

Àwọn mìíràn ní atukọ̀ ló mọ omi, ká fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bá ìyá ìyá mi wọ ọkọ̀ láti apá Ẹ̀pẹ́ wá sí Èbúté Ẹ̀rọ̀. Bàbá tó ń tukọ̀ nígbà yẹn, tó bá dé etí omi láàárọ̀, á kọ́kọ́ dúró, á wo ojú ọ̀run, á wo bí ewé ṣe ń fẹ́. Bó bá ní òun ò lọ, kò lọ nìyẹn. Ìyá àgbà á tẹ́ ẹní, a ó sùn mọ́jú síbẹ̀. Ṣé ọjà ń bàjẹ́? Ó ń bàjẹ́. Mi ò rí ẹni tó bú bàbá yẹn rí. Ẹ wá wo tòní. Tí ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ bá ní ojú ọ̀run ṣú, àwa obìnrin la máa sọ fún un pé "ṣe kíá, tòmátì mi ń rà." Tó bá ní ọkọ̀ òun ti kún, a ó ní kó má ṣàgídí. Tó bá fi dandan lé e, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó lọ wọ ti ẹni kejì tó gbójú ju ú lọ, tó sì tún gba owó tó kéré. Oṣù mẹ́ta sí i, ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run á ti kógbá sílé, ẹni tó gbójú nìkan ló máa ṣẹ́kù ní èbúté. Àwa la fowó ara wa yan ẹni tó máa pa wá. Kí ẹ má sọ fún mi pé atukọ̀ ló mọ omi!

Ohun tó wà nísàlẹ̀ omi náà tún wà níbẹ̀ o. Ní Kainji, àwọn igi tí omi bò nígbà tí wọ́n sé odò, kùkùté wọn ṣì wà nísàlẹ̀ títí dòní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọkọ̀ kan kọ lu kùkùté bẹ́ẹ̀ ní apá Malale, ní Borgu, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣòfò. Wọ́n ń lọ kí ọlọ́fọ̀ ni, àwọn náà di ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ní Ghana, adágún Volta tí wọ́n sé ní Akosombo ní ọdún 1965, irú wàhálà kan náà ni wọ́n ń bá fà. Ọ̀sà tiwa ò ní igbó nísàlẹ̀, ó ní tiẹ̀. Ewéko olódòdó tó máa ń léfòó yẹn, tó dé omi Èkó láti bí ọdún 1984, tó bá ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn. Igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n ń wà ń yí ìsàlẹ̀ omi padà. Ọ̀rá náà ńkọ́? Níbo lẹ rò pé ọ̀rá tí à ń jù sí gọ́tà ní Mile 12 àti Kétu ń lọ tí òjò bá rọ̀? Kánààlì ló ń gbé e lọ sí ọ̀sà. Ọ̀rá tí mo fi di ata fún oníbàárà lánàá ló ń dúró de ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹnìkejì mi lọ́la. Lójú ọ̀sán, atukọ̀ lè rí i kó yà fún un. Lálẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má ṣe gun omi lálẹ́.

Ìjọba náà ti fòfin dè é. Ní oṣù keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan gbéra ní Mile 2 lálẹ́, ó ń lọ sí Ìbèṣè. Èbúté tó ti gbéra kò ní ìwé àṣẹ, aago tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí ọkọ̀ máa rìn ti kọjá. Ó lé ní mẹ́wàá èèyàn tó kú. Èkó níbí ni o. Ṣé wọ́n ò mọ̀ pé òfin wà ni? Wọ́n mọ̀. Ilé ni wọ́n fẹ́ tètè dé.

N ò ní í gbè sẹ́yìn ìjọba. Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 1997, LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 2008. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba méjèèjì fi fa ara wọn lọ sí kóòtù lórí ẹni tó ni àṣẹ lórí omi Èkó, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ kú oríire. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó ni omi, kò sẹ́ni tó bá wọn jà lórí ẹni tó ni òkú. Ní àwọn èbúté ńlá tí ìjọba kọ́, bíi Ìpákòdò àti Five Cowries, o ó rí àga, o ó rí jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn èbúté kéékèèké tí àwa ń lò ńkọ́, ibi tí pákó méjì ti jẹ́ afárá? Ẹni tí mo máa ń bá níbẹ̀ ni agbowó. Tí ìjọba bá lè mọ ọ̀nà dé ibẹ̀ láti gba owó, ó lè mọ ọ̀nà dé ibẹ̀ láti ka èèyàn. Lẹ́tà ẹgbẹ́ lórí èyí ti wà nílẹ̀, Ìyálọ́jà nìkan ló kù kó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ká dúró de ìjọba, ta ni ó ti bá ìjọba sọ̀rọ̀ láàárọ̀ tó gba èsì lọ́sàn-án?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ọkọ̀ méjì, owó méjì. Mi ò ní í purọ́ fún yín, owó máa lé. Àwọn tó ń kó ata àti tòmátì láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Agbóyì máa ráhùn, àwọn tó ń kó ẹja bọ̀ máa ráhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹrù ogún èèyàn bá jọ wọ ọkọ̀ kan, tí ogún èèyàn jọ wọ ìkejì, owó tó máa gun orí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò tó ohun tí à ń san fún alábàárù láti ẹnu ọ̀nà dé ìsọ̀. Nígbà tí epo mọ́tò gbówó lórí, ṣé a ò fi lé ọjà? Oníbàárà kùn, ó sì rà á. Kí Ìyálọ́jà má bínú sí mi o, aṣọ ẹgbẹ́ tí a jókòó sọ fún odidi ọ̀sán kan lọ́jọ́ yẹn, tí a bá fi owó léèsì orí rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lọ́dún yìí, a ó ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó máa tó gbogbo àwa tí à ń gun omi, ó tún máa ṣẹ́kù. Tí ẹnìkan nínú wa bá bómi lọ, ṣé a ò ní í dá aṣọ fún ìsìnkú rẹ̀ ni? A ó dá a. Owó yẹn ò ní í wọ́n wa nígbà náà.

Lórí jákẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn wa ń fi ṣe tìmùtìmù, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ní ó ń rùn, wọ́n ní ó ń ba gèlè jẹ́. Omi kì í fún èèyàn láyè kó dìde, kó fa nǹkan yọ lábẹ́ ìdí, kó wá máa wá okùn rẹ̀. Ọrùn ni kó wà, kí okùn rẹ̀ so le koko, kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má pọn ọmọ tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ tí a fi ọ̀já gbà mọ́ ẹ̀yìn, bí ìyá bá ṣubú sómi, kò sí ẹni tó lè tètè tú u. Kí ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ yín, kó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ọmọdé. Ti àgbàlagbà á bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Tí kò bá sí ti ọmọdé, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "èmi ò gun ọ̀sà, ìsọ̀ mi wà lórí ilẹ̀", ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni? Nígbà tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, tí Odò Ògùn kún dé Ajégúnlẹ̀ àti ẹ̀yìn Mile 12, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn fi ń wọ yàrá ara wọn. Ó tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń gbé Agílítì lè sọ ọ́ fún yín. Ọkọ̀ ìgbà ìkún omi yẹn ló burú jù, ẹni tó kàn rí pákó kàn lọ́dún náà ló di atukọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Nítorí náà mi ò fà sẹ́yìn kúrò lórí ohun tí mo sọ. Mo ti ra ìwé ńlá kan lówó ara mi, mo ti fi rúlà là á: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, orúkọ ẹni tí a ó pè nílé, iye ẹrù. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ó máa wà ní ìsọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gun omi kó wá kọ orúkọ rẹ̀ kó tó lọ, kó sì wá fa ìlà sí i tó bá ti dé. Títí di òní, àwọn mẹ́sàn-án ti wá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé àwọn máa kọ tiwọn. Méjì nínú wọn wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó sì fẹ́ bá mi jà, ìpàdé wa jẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti gbá ọjà tán. Kó tètè dé o, àga ò tó.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.